Ẹ Kó Ọfà Jọ Ná, Kí Ẹ Tó Fọwọ́ Kan Sáìtì

Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn ọmọ Yorùbá sọ ní pápá ìtafà kan lẹ́yìn ìlú Houston, ní ìpínlẹ̀ Texas, nígbà tí ìgbà ọdẹ ọlọ́fà ń wọlé bọ̀. Bí mo ṣe sọ ọ́ náà ni mo ṣe kọ ọ́ síbí.

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, mo júbà o. Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin àbúrò, ẹ kú àárọ̀, ẹ kú ìrìn, ẹ kú oòrùn. Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ ti wá jókòó síwájú láti aago mẹ́jọ, tí ojú yín ò kúrò lára ọrun tó wà lórí tábìlì yìí, mo rí yín. Ẹ ṣe sùúrù díẹ̀ sí i, ọwọ́ yín á tó o.

Àwọn àgbà ní ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó. Ti òní yàtọ̀. Ọ̀rọ̀ rere la fẹ́ fi yọ ọfà lápó lónìí, torí ẹ̀kọ́ la wá kọ́.

Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí sáìtì, ohun tó wà lára ọrun tí a fi ń fojú sun ibi tí a fẹ́ ta, àti bí a ṣe ń tún un tò kí ọfà lè máa ba ibi tí a fojú sun. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí mo máa ń rí ní pápá yìí ní gbogbo Sátidé. Ẹnì kan á ta ọfà kan. Ọfà á lọ sápá òsì. Á mú kọ́kọ́rọ́ Allen, irin kékeré tí a fi ń tú nọ́ọ̀tì, á yí sáìtì. Á ta òmíràn, ìyẹn á lọ sókè. Á tún yí i. Á ta ẹ̀kẹta, ìyẹn á já sísàlẹ̀ lápá ọ̀tún. Á yí i, á yí i, á yí i. Nígbà tó bá fi máa di ọ̀sán, apá rẹ̀ ti ń gbọ̀n, ọfà ti fọ́n ká bí adìyẹ tí wọ́n sọ òkò sí, sáìtì sì ti padà síbi tó wà láàárọ̀. Ṣé ẹ ti rí irú rẹ̀ rí? Mo gbọ́ ẹ̀rín yín. Ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín lójú tèmi, ẹ ó sì gbọ́ ìdí rẹ̀ láìpẹ́.

Ohun kan ṣoṣo ni mo bá wá. Bí ẹ bá gbàgbé gbogbo ìyókù, ẹ má gbàgbé ìyẹn: ẹ kó ọfà jọ ná, kí ẹ tó fọwọ́ kan sáìtì. Ẹ bá mi wí i. Ẹ kó ọfà jọ ná! Ẹ ṣeun.

Ọrun oníkẹ̀kẹ́

Ọrun tí àwọn baba ńlá wa lò, igi àti ọṣán ni. Bí o bá ṣe ń fà á sí i ni yóò ṣe máa le sí i, ibi tó parí sí ló sì ti le jù. Kò fún èèyàn láyè láti dúró wo nǹkan. O fà á, o ti mọ ibi tí ẹran wà, o tú u sílẹ̀. Ọwọ́ àti ojú ló ń ṣe gbogbo iṣẹ́.

Ní 1966, ọkùnrin ará Missouri kan tó ń jẹ́ Holless Wilbur Allen kọ̀wé béèrè ẹ̀tọ́ olùhùmọ̀ lórí ọrun kan tó fi kẹ̀kẹ́ sí orí apá rẹ̀ méjèèjì. Ní 1969 ni wọ́n fún un. Kẹ̀kẹ́ yẹn ló yí gbogbo nǹkan padà. Ọrun tó wà lórí tábìlì yìí, 60 pọ́n-ùn ni agbára tí mo fi ń fà á níbẹ̀rẹ̀. Bí kẹ̀kẹ́ bá ti yí kọjá ibi tó le, nǹkan bíi 12 péré ló kù lọ́wọ́ mi. Ẹ̀yin tí ẹ ti ti ọkọ̀ gun òkè rí, ẹ mọ bó ṣe máa ń rí tí táyà bá ti débi tó tẹ́jú. Bẹ́ẹ̀ náà ni. Mo lè dúró, kí n mí, kí n wá ibi tí mo fẹ́ ta. Ìdúró yẹn ló jẹ́ kí sáìtì wúlò lórí ọrun yìí.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan á ti máa rò ó pé, Ọ̀ṣọ́ọ̀sì ńkọ́? Ṣebí ọfà kan ló ní? Òótọ́ ni. Àwọn èèyàn wa ní Brazil, tí wọ́n ń pè é ní Oxóssi, ṣì ń sọ ìtàn ọdẹ ọlọ́fà kan yẹn títí dòní. Ọrun àti ọfà tí a fi irin rọ pọ̀ ni àmì rẹ̀, orúkọ tí wọ́n sì ń pe àmì náà ni ofá. Ọ̀rọ̀ wa ni wọ́n gbé kọjá òkun. Ní Cuba náà, ọrun àti ọfà onírin ni wọ́n fi ń dá Ochosi mọ̀. Mo fẹ́ràn ìtàn yẹn púpọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi rò ó: ẹni tí yóò jáde pẹ̀lú ọfà kan péré lápó, mélòó ni ẹ rò pé ó ti ta kí ọjọ́ yẹn tó kò? Ọfà kan ni a gbọ́ nínú ìtàn. Ẹgbẹ̀rún tó ṣáájú rẹ̀, a ò gbọ́ nípa wọn.

Ohun tó wà lára sáìtì

Ẹ wo ibí yìí. Ẹ̀yin tó wà lẹ́yìn, ẹ súnmọ́ iwájú. Òrùka dúdú yìí ni ilé sáìtì. Àwọn ohun tó ń tàn nínú rẹ̀ yìí, pupa, àwọ̀ ewé, ìyeyè, abẹ́rẹ́ ni à ń pè wọ́n. Ti òkè pátápátá ni ti ọ̀nà tó súnmọ́, ti ìsàlẹ̀ ni ti ọ̀nà jíjìn. Nísàlẹ̀ òrùka ni léfẹ́ẹ̀lì kékeré kan wà, irú èyí tí àwọn bíríkìlà ń gbé lé búlọ́ọ̀kù, pẹ̀lú afẹ́fẹ́ róbótó tó ń rìn nínú omi rẹ̀. Ní ti ihò kékeré tó wà láàárín ọṣán, peep ni wọ́n ń pè é. Ojú á gba inú peep kọjá, á bá abẹ́rẹ́ pàdé, abẹ́rẹ́ á bá àfojúsùn pàdé. Mẹ́ta ló gbọ́dọ̀ pàdé. Bí ọ̀kan bá yẹ̀, àwọn méjì tó kù ò ní lè tún un ṣe.

Ohun tó ṣáájú sáìtì

Ọrun tí mo kọ́kọ́ rà, ilé ìtajà kan ni mo ti rà á. Ọkùnrin tó tà á fún mi dára sí mi, ó gbé e lọ sẹ́yìn, ó ta ọfà bíi mẹ́rin, ó tún sáìtì tò, ó ní, "Ó ti tán, máa gbé e lọ." Inú mi dùn. Mo délé, mo ta á. Ọfà ò sún mọ́ ibi tí mo fojú sí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi ń bá ọrun yẹn jà, mo rò pé èmi ni mi ò mọ̀ ọ́n ta. Kí ló ṣẹlẹ̀? Ọkùnrin yẹn ga jù mí lọ, ọrùn rẹ̀ gùn, ibi tí ọwọ́ rẹ̀ ń sinmi sí lẹ́rẹ̀kẹ́ yàtọ̀ sí tèmi. Peep tó bá ojú tirẹ̀ mu, ó ga jù fún tèmi, ni mo wá ń na ọrùn wá a bí ẹni ń yọjú lójú fèrèsé. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ tipẹ́: ojú olójú ò jọ ojú ẹni.

Nítorí náà, kí ẹ tó ronú kan sáìtì, ẹ ṣe báyìí. Ẹ pa ojú méjèèjì dé. Ẹ fa ọrun, ẹ jẹ́ kí ọwọ́ sinmi síbi tó máa ń sinmi sí lẹ́rẹ̀kẹ́, kí orí wà ní ìdúró rẹ̀. Ẹ wá lajú. Ṣé ẹ rí gbogbo òrùka sáìtì nínú ihò peep, tí agbo kan wà nínú agbo kejì, tí ìmọ́lẹ̀ àyíká rẹ̀ dọ́gba? Ó dáa. Ṣé ẹ ní láti gbé àgbọ̀n sókè tàbí kí ẹ tẹ orí wálẹ̀ kí ẹ tó rí i? A jẹ́ pé peep ni ẹ máa sún, kì í ṣe sáìtì. Tí ẹ bá sì ti sún peep, ẹ mọ̀ pé gbogbo abẹ́rẹ́ tí ẹ ti tò tẹ́lẹ̀ ti di òfo, ẹ ó tún bẹ̀rẹ̀. Ọṣán tuntun náà máa ń nà díẹ̀ níbẹ̀rẹ̀. Bó bá nà, peep á yí, á tún kúrò níbi tí ẹ fi í sí. Ẹ ta á dáadáa fún bí ọjọ́ mélòó kan kí ẹ tó gbà pé ó ti fìdí múlẹ̀.

Ẹ wo Matt Stutzman, ọmọ Amẹ́ríkà tí wọ́n bí láìní apá. Ẹsẹ̀ ló fi ń di ọrun mú. Ó gba fàdákà ní Paralympics, ìdíje àgbáyé ti àwọn aláàbọ̀ ara, ní London ní 2012, ó gba góòlù ní Paris ní 2024. Ta ló lè tún sáìtì tò fún irú ẹni bẹ́ẹ̀? Òun fúnra rẹ̀ ni. Ara rẹ̀ ni òṣùwọ̀n rẹ̀. Ohun tó ṣe tó fi borí ni pé bí ara rẹ̀ ṣe dúró fún ọfà àkọ́kọ́, bẹ́ẹ̀ náà ló dúró fún ti ìkẹyìn.

Ọ̀rọ̀ ìdìmú náà ṣe pàtàkì. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko. Mi ò mọ òwe tó bá ọrun mu ju èyí lọ. Ẹ wo àtẹ́lẹwọ́ mi. Ìlà tó wá láti abẹ́ ìka yìí pín ọwọ́ sí méjì. Apá ibi àtàǹpàkò nìkan ló yẹ kó kan ọrun. Àwọn ìka tó kù, kí wọ́n rọ̀, bí ìgbà tí ẹ di ẹyin adìyẹ mú. Bí ẹ bá fún ọrun lọ́rùn, ẹ ó yí i láìmọ̀ nígbà tí ọfà bá ń jáde. Lónìí ẹ yí i sósì, lọ́la ẹ yí i sọ́tùn-ún. Sáìtì wo ló fẹ́ tún ìyẹn ṣe?

Léfẹ́ẹ̀lì kẹ́yìn nínú èyí. Ọmọbìnrin mi ló là mí lójú lórí rẹ̀. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni nígbà yẹn, ó dúró lẹ́yìn mi níbí yìí gan-an, ó ní, "Dádì, kí ló dé tí ọrun yín ń wo ilé?" Mo ní báwo? Ó ní orí ọrun ti tẹ̀ sọ́tùn-ún, síbi tí ọkọ̀ wa wà. Bẹ́ẹ̀ ọ̀tún ni gbogbo ọfà mi ń lọ láti àárọ̀, mo sì ti yí sáìtì tó ẹ̀ẹ̀marùn-ún! Apá ibi tí orí ọrun bá tẹ̀ sí ni ọfà ń tẹ̀ lé, á sì tún wálẹ̀ díẹ̀. Afẹ́fẹ́ inú léfẹ́ẹ̀lì ti ń sọ ọ́ fún mi látìgbà yẹn, èmi ni mi ò wò ó.

Igi kan kì í dá igbó ṣe

Mo ti dé ibi tí mo fẹ́ jókòó sí o.

Ní ọdún kẹta tí mo ti ń fi ọfà ṣọdẹ, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan nínú oṣù Kejìlá, òtútù mú gan-an. Mo fẹ́ wọgbó láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Mo wọ jákẹ́ẹ̀tì tó nípọn, mo ní kí n ta ọfà kan péré kí n fi mọ̀ pé ọrun ṣì wà bó ṣe wà. Ní 30 yáàdì ni mo ti ta á. Ọfà bọ́ sápá òsì, ó jìnnà tó àtẹ́lẹwọ́ méjì sí àárín. Ẹ̀rù bà mí. Ilẹ̀ ti ń ṣú. Mo yí sáìtì sósì, mo kó sínú ọkọ̀, mo lọ sùn.

Ojú ọjọ́ Texas, ẹ mọ̀ ọ́n. Nígbà tí ilẹ̀ máa fi mọ́, ooru ti dé. Ṣẹ́ẹ̀tì lásán ni mo wọ̀ lọ sínú igbó. Àgbọ̀nrín kan jáde, abo, ó dúró ní nǹkan bíi 30 yáàdì, ó kọ ẹ̀gbẹ́ sí mi, orí rẹ̀ wà lápá òsì mi. Mo fa ọrun. Mo mí. Mo fi abẹ́rẹ́ sí ẹ̀yìn èjìká, ibi tí ẹ̀dọ̀fóró wà. Gbogbo ibẹ̀ kò fẹ̀ ju sẹ̀ntímítà 20 sí 25 lọ. Mo tú ọfà sílẹ̀, mo sì rí i pẹ̀lú ojú mi bó ṣe lọ sọ́tùn-ún, tó wọ ikùn.

Ẹran náà sá lọ. Mo dúró fún wákàtí bíi mélòó kan kó lè dùbúlẹ̀, bí wọ́n ṣe ń kọ́ wa. Mo tẹ̀ lé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Níbẹ̀rẹ̀ ó wà lórí ewé, ó ṣókùnkùn, ó ń rùn. Nígbà tó yá ó di ẹ̀kán kan níbí, ẹ̀kán kan lọ́hùn-ún. Mo fi ìkúnlẹ̀ wá a pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì títí di òru. Mo padà láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Mi ò rí i.

Kí ló fà á? Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ọṣán ló gbá apá jákẹ́ẹ̀tì mi ní ìrọ̀lẹ́ yẹn, ìyẹn ló ti ọfà sósì. Ọrun mi kò ní nǹkan kan. Sáìtì mi kò ní nǹkan kan. Ọfà kan ṣoṣo ni mo gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀, mo sì dá sáìtì lẹ́bi lórí ẹ̀rí ọfà kan. Ká ní mo bọ́ jákẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ ni, ká ní mo ta márùn-ún sí i, ẹran yẹn ì bá má jìyà lásán nínú igbó. Ó ti pẹ́, mo ṣì máa ń rántí rẹ̀ bí mo bá mú kọ́kọ́rọ́ Allen lọ́wọ́. Ẹ wá mọ ìdí tí mi ò fi lè fi ọ̀rọ̀ yìí rẹ́rìn-ín.

Igi kan kì í dá igbó ṣe. Ọfà kan ò lè sọ ibi tí sáìtì wà fún ẹnikẹ́ni. Mẹ́ta ló kéré jù. Mẹ́fà ló dáa. Ẹ ta wọ́n sí ojú kan náà, ẹ má yí ohunkóhun, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀kan lọ síbi tí kò dáa. Ẹ rìn lọ síbi àfojúsùn, ẹ wò wọ́n. Ṣé wọ́n kó jọ bí òṣùṣù ọwọ̀? A jẹ́ pé ọwọ́ yín ti dúró sójú kan, ẹ lè wá bá sáìtì sọ̀rọ̀. Ṣé wọ́n fọ́n ká, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́? Ara yín ló ń sọ̀rọ̀ nìyẹn, tàbí nǹkan kan tó tú lára ọrun. Ẹ má tíì kan sáìtì. Ẹ súnmọ́ àfojúsùn. Bó bá jẹ́ 20 yáàdì lẹ wà, ẹ bọ́ sí 10. Kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí kí ó yé yín dáadáa. Òṣùṣù tó wà ní ìsàlẹ̀ lápá òsì, tí gbogbo ọfà rẹ̀ fara kanra, ó sàn ju ọfà mẹ́fà tí ọ̀kan nínú wọn bọ́ sí àárín gan-an lọ. Mo rí yín tí ẹ ń mi orí. Ìṣẹ́jú méjì ni mo fi máa gbé òṣùṣù yẹn lọ sáàárín. Èyí tó fọ́n ká, ó lè gbà mí ní oṣù méjì.

Tẹ̀ lé ọfà

Ó yá, òṣùṣù ti wà. Báwo la ṣe ń gbé e? Òfin rẹ̀ kúrú: ibi tí ọfà bá lọ ni kí sáìtì tẹ̀ lé e lọ. Ọfà lọ sókè, gbé sáìtì sókè. Ọfà lọ sósì, gbé sáìtì sósì. Ó máa ń ta ko ọkàn àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ. Wọ́n á ní, "Ṣé ọfà ti lọ sókè, mo tún gbé sáìtì sókè? Kò ha tún ní lọ sókè sí i?" Rárá. Ẹ wò mí. Mo fi abẹ́rẹ́ sí àárín àfojúsùn. Mo gbé abẹ́rẹ́ sókè lára ọrun. Kí n tó lè tún fi í sí àárín, kí ni mo máa ṣe? Mo máa rẹ ọrun sílẹ̀. Bí ọrun bá ti wálẹ̀, ọfà wálẹ̀ nìyẹn.

Báwo ló ṣe máa pọ̀ tó? Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣàṣejù. Láti ojú yín dé abẹ́rẹ́ kò pé mítà kan, ká pè é ní sẹ̀ntímítà 85. Láti ojú yín dé àfojúsùn tó wà ní 20 yáàdì, mítà 18 ni àti díẹ̀. Ẹ fi ìkíní pín ìkejì, ẹ ó rí i pé ó lé ní ìlọ́po 21. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé bí ẹ bá sún abẹ́rẹ́ ní mìlímítà kan péré, ọfà á sún ní sẹ̀ntímítà méjì àti díẹ̀. Bó bá jẹ́ mítà 50, níbi tí wọ́n ti ń ṣe ìdíje ọrun oníkẹ̀kẹ́, mìlímítà kan yẹn ti di nǹkan bíi sẹ̀ntímítà 6. Agbo 10, ìyẹn agbo àárín tó ní máàkì 10, lójú àfojúsùn tí wọ́n ń lò níbẹ̀, sẹ̀ntímítà 8 ni gbogbo ìbú rẹ̀. Mìlímítà kan o!

Nítorí náà, ẹ fi gègé fa ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ síbi tí sáìtì wà kí ẹ tó tú nọ́ọ̀tì. Ẹ tú ọ̀kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan, ti òkè-ìsàlẹ̀ ná. Bí ẹ bá tú ti òkè-ìsàlẹ̀ àti ti òsì-ọ̀tún pọ̀, ẹ ò ní mọ èyí tó ṣe é mọ́. Ẹ sún un díẹ̀, ẹ dè é padà kó le dáadáa, ẹ tún ta mẹ́ta. Nọ́ọ̀tì tí kò le dáadáa á yí fúnra rẹ̀ bí ọrun ṣe ń gbọ̀n, ẹ ó sì rò pé ojú yín ló bàjẹ́.

Ní 2015, ọmọ ilẹ̀ Netherlands kan, Mike Schloesser, ta ọfà 60 ní mítà 18 nínú gbọ̀ngàn, gbogbo 60 ló bọ́ sínú agbo 10 tí ìbú rẹ̀ kò ju sẹ̀ntímítà 2 lọ. 600 nínú 600. Kò sí ẹni tó ṣe é rí ṣáájú rẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ wa, ọrun oníkẹ̀kẹ́ yìí máa wà ní Olympics fún ìgbà àkọ́kọ́ ní Los Angeles ní 2028, ọkùnrin kan àti obìnrin kan lẹ́gbẹ́. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà tí ẹ wà yìí náà ni.

Ọ̀nà jíjìn

Òòfà ilẹ̀ kì í sùn. Bí ọfà bá ti kúrò lára ọrun ló ti ń wálẹ̀. Ọfà tó ń sáré ní mítà 85 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan á ti wálẹ̀ ní nǹkan bíi sẹ̀ntímítà 22 kó tó dé 20 yáàdì. Tó bá dé 40 yáàdì ńkọ́? Ẹnì kan ní 44. Ó ṣeun, ọ̀pọ̀ wa ló rò bẹ́ẹ̀. Nǹkan bíi sẹ̀ntímítà 90 ni. Ìlọ́po méjì ọ̀nà, ìlọ́po mẹ́rin ìwálẹ̀. Ní 60, ó ti ń lọ sí mítà méjì. Àlàfo àárín abẹ́rẹ́ náà máa ń fẹ̀ sí i díẹ̀ bí wọ́n ṣe ń lọ sísàlẹ̀. Bí ẹ bá rí i pé àlàfo láti 40 sí 50 kéré ju ti 20 sí 30 lọ, ẹ ti ṣàṣìṣe níbì kan. Ẹ má tíì dè é.

Láti 20 ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹ tò ó kó dáa, kí ẹ tó lọ sí 30, lẹ́yìn náà 40. Ẹni tó bá ti 50 bẹ̀rẹ̀, inú koríko ni yóò máa wá ọfà kiri.

Ìdánwò kan wà tí mo fẹ́ràn. Bàbá mi àgbà, ọdẹ ìbọn ni wọ́n ní Òkè-Ògùn. Kí wọ́n tó wọgbó, wọ́n á so okùn mọ́ ẹ̀ka igi, wọ́n á so òkúta sísàlẹ̀ rẹ̀ kó lè dúró gangan, wọ́n á máa fi wo bí ìbọn wọn ṣe ń yìn. Mi ò mọ̀ pé n ó tún bá irú rẹ̀ pàdé ní Texas. Ẹ so okùn funfun kan sójú fóòmù tí a ń ta ọfà sí yẹn láti òkè dé ìsàlẹ̀, kó dúró gangan. Ẹ sàmì kan sórí rẹ̀. Ẹ fi abẹ́rẹ́ 20 ta àmì yẹn láti 20. Ẹ rìn sẹ́yìn dé 30, ẹ ṣì fi abẹ́rẹ́ 20 sí orí àmì kan náà, ẹ ta á. Ọfà á bọ́ sísàlẹ̀, kò burú. Ẹ lọ sí 40, ẹ tún ta á. Ẹ wá lọ wo ó. Bí gbogbo ọfà bá tẹ̀ lé okùn wálẹ̀ gbọnrangandan, ọrun yín tọ́. Bí wọ́n bá ń yà kúrò lára okùn bí wọ́n ṣe ń wálẹ̀, ibi tí ọfà ń sinmi lé lára ọrun ni kò sí láàárín. Ibẹ̀ ni kí ẹ sún ní díẹ̀díẹ̀. Bí ẹ bá fi sáìtì wo àìsàn yìí, ẹ ó wò ó sàn ní 20, á burú sí i ní 40.

Ẹ̀yin ọdẹ, ẹnu ọfà tó ní abẹ kì í lọ síbi tí ti ìdánrawò ń lọ nígbà gbogbo. Ẹ fi èyí tí ẹ máa gbé wọgbó ta sí fóòmù kí ọjọ́ tó pé. Ẹni tó bá sì máa ń ta láti orí igi tàbí lórí òkè, kí ó jẹ́ kí ẹni tó mọ̀ ọ́n bá a wo léfẹ́ẹ̀lì nígbà tí ọrun bá dojú kọ ilẹ̀, torí ó lè tọ́ níbi tó tẹ́jú kó má tọ́ níbẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fa ọrun pẹ̀lú ọfà ní ìdojúkọ òfurufú. Ẹni tó ta ọfà sókè tó yí odó borí, bí ọba ayé ò rí i, tọ̀run ń wò ó. Bí ọwọ́ bá yọ̀, ọfà yẹn á kọjá òkìtì ẹ̀yìn pápá, ilé èèyàn sì wà lọ́hùn-ún. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí ẹnikẹ́ni má tú ọṣán sílẹ̀ láìsí ọfà lórí rẹ̀. Apá ọrun lè fọ́ mọ́ yín lójú.

Ìbéèrè

Màmá kan ní, "Ọmọ mi, mo ń lo gíláàsì. Abẹ́rẹ́ yẹn ń ṣe wúruwùru lójú mi bí ìràwọ̀. Ṣé mo ṣì lè ta á?" Ẹ lè ta á, Mà. Ẹ bá wa wo ihò peep yín, ẹ jẹ́ ká fi èyí tó kéré sí i rọ́pò rẹ̀. Ihò tó kéré máa ń jẹ́ kí abẹ́rẹ́ hàn kedere, bí ìgbà tí ẹ fún ojú pọ̀ láti ka nǹkan. Ìmọ́lẹ̀ abẹ́rẹ́ náà lè pọ̀ jù, a lè dín in kù. Àfojúsùn ni kí ẹ sì tẹjú mọ́, Mà, ẹ jẹ́ kí abẹ́rẹ́ máa léfòó lórí rẹ̀. Kò ní dúró pátápátá, ti ẹnikẹ́ni kì í dúró.

Ọmọkùnrin kan béèrè pé ṣé kò sí sáìtì alábẹ́rẹ́ kan. Ó wà. Èèyàn á máa yí i sókè-sísàlẹ̀ fún ọ̀nà kọ̀ọ̀kan, á lẹ ìwé tí a kọ nọ́ńbà sí mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó mọ́ lójú, ó dáa fún ìdíje. Nínú igbó, ẹran ò ní dúró dè ọ́ kí o yí i tán.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká jáde. Ìlà 10 yáàdì ni gbogbo wa máa dúró sí, àgbà àti ọmọdé. Ọfà mẹ́fà-mẹ́fà, ẹ̀ẹ̀mẹta. Kí a tó lọ, gbogbo ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́ Allen lápò, kí ó mú un wá sínú igbá yìí. Ìwọ náà, Dókítà, mo rí tìrẹ. Lẹ́yìn ọfà kejìdínlógún, a ó jọ wo òṣùṣù kọ̀ọ̀kan, ẹni tí tirẹ̀ bá kó jọ ni n ó dá kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ padà fún.